Ẹ Pa Ìbéèrè Oyún Rẹ́ Nínú Fọ́ọ̀mù Iṣẹ́

Ẹni tó bá ti wáṣẹ́ rí l'Ékòó mọ fọ́ọ̀mù náà. Kó tó débi tí wọ́n ti ń bèèrè ìwé-ẹ̀rí, ó ti kọ ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, bóyá ó ti ṣègbéyàwó àti iye ọmọ tó ní. Tó bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á tún bi í lójúkojú pé ìgbà wo ló fẹ́ lóyún. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń ní kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní lóyún láàárín ọdún kan tàbí méjì àkọ́kọ́. Láti Marina títí dé Ìkẹjà, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì mọ́. Èrò tiwa ni pé kí gbogbo agbanisíṣẹ́ pa àwọn ìlà wọ̀nyẹn rẹ́, kí wọ́n má dúró dìgbà tí kóòtù bá pàṣẹ fún wọn.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ á ní abala 42 ìwé òfin ọdún 1999, tó ní ká má fi ẹ̀yà, ìlú abínibí, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú tàbí pé ẹnìkan jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin yan ẹnikẹ́ni jẹ, òfin àti ìṣesí ìjọba ló ń bá wí, kò bá aládàáni wí. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin náà ti gba àwáwí yẹn lẹ́nu wọn. Abala 254C gbé ẹjọ́ iṣẹ́ lé National Industrial Court lọ́wọ́, tó fi mọ́ ẹjọ́ ìyànjẹ àti fífi ìbálòpọ̀ yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu, ó sì fún kóòtù náà láṣẹ láti lo àdéhùn àgbáyé tí Nàìjíríà ti buwọ́ lù. Àdéhùn 111 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lòdì sí ìyànjẹ nínú iṣẹ́, Nàìjíríà sì ti wà nínú rẹ̀ láti 2002. Àdéhùn 190, lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́, láti 2022. Lugard Avenue ní Ìkòyí ni ẹ̀ka Èkó kóòtù náà wà, kò jìnnà rárá sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe bí ẹni pé kò sí.

Ọ̀rọ̀ oyún ló ká wa lára jù, torí òfin tó dè é kò fara sin. Abala 54 òfin iṣẹ́ ní obìnrin lè gba ìsinmi bó bá ku ọ̀sẹ̀ 6 kó bímọ, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ. Tó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, owó tí wọ́n máa san fún un kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ fún un níwèé ìdádúró nígbà tó ṣì wà ní ìsinmi yìí. Bó bá padà dé tó sì ń fọ́mọ lọ́yàn, ó ní ẹ̀tọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ nínú àkókò iṣẹ́.

Ẹ̀yìn tó bá padà dé gan-an ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Á bá ẹlòmíì nídìí tábìlì rẹ̀. Wọ́n á gbé e láti Victoria Island lọ sí ẹ̀ka Ìkòròdú. Á pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kúèrì á tẹ̀lé e, nígbà tó bá sì fi máa tó oṣù mẹ́ta, lẹ́tà pé wọn ò nílò rẹ̀ mọ́ ti dé. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ oyún nínú lẹ́tà náà. Ìdí nìyí tó fi ń ṣòro fún obìnrin láti fìdí ẹjọ́ rẹ̀ múlẹ̀. Ohun kan náà ló sì ń tan ọ̀gá jẹ, torí adájọ́ lè to déètì orí àwọn ìwé wọ̀nyẹn tẹ̀léra, kó sì rí ohun tí wọ́n fẹ́ bò.

Nípa àìsàn, ẹjọ́ kan wà tó parí ní Ìkẹjà lọ́dún 2012 tí kò yẹ kí agbanisíṣẹ́ kankan gbàgbé. Ilé ìwòsàn kan lé olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1995 nítorí pé ó ní kòkòrò HIV. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2000. Ní 2001, adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ní kò gbọdọ̀ wọ inú kóòtù, àfi bí onímọ̀ bá kọ́kọ́ wá jẹ́rìí pé kò ní kó o ran àwọn tó wà níbẹ̀. Nígbà tí ìdájọ́ fi máa gbè é, pẹ̀lú owó gbà-má-bínú mílíọ̀nù 7 náírà, ọdún 12 ti kọjá. Òfin ọdún 2014 ti wá kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi àyẹ̀wò HIV ṣe gbèdéke ìgbanisíṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń fi í há àárín àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yòókù, wọn ò sì ní sọ fẹ́ni tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀.

Ti àkàndá ẹ̀dá, òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà láti oṣù kìn-ín-ní 2019. Mílíọ̀nù kan náírà ni ìtanràn ilé-iṣẹ́ tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ọdún 5 tí wọ́n sì fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ láti ṣe ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ti pé ní 2024. Ẹ gba Broad Street kọjá, kẹ́ ẹ wo àwọn ilé tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn nìkan la fi ń dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Àtúnṣe ò náni lówó púpọ̀. Kí ilé-iṣẹ́ pín fọ́ọ̀mù sí méjì. Èyí tí wọ́n á fi ṣàyàn kò gbọdọ̀ ju orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìwé-ẹ̀rí àti iṣẹ́ tẹ́ni náà ti ṣe rí lọ. Èkejì, tó ní ọkọ tàbí aya, ọmọ àti mọ̀lẹ́bí tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìwé pẹ́ńṣàn àti ti ìlera ló wúlò fún. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti fún un níṣẹ́ ni kó kọ ọ́. Ẹ̀sìn ò ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú èyíkéyìí. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí wọ́n kọ ìbéèrè sílẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n bi gbogbo ẹni tó wá ní ohun kan náà, kí oníkálukú nínú àwọn tó jókòó sì ti kọ máàkì tirẹ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí bí ọ̀gá bá ti kọ́kọ́ lanu, máàkì rẹ̀ ni gbogbo wọn máa kọ. Ẹni tó ń gba ẹ̀sùn kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀gá ẹni tó mú ẹ̀sùn wá. Abala 7 òfin iṣẹ́ tún ní kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Kí òṣìṣẹ́ tọ́jú ìwé yìí, pésílíìpù rẹ̀ àti àwòrán ìkéde iṣẹ́ náà sórí fóònù. Àwọn ni yóò kó lọ bá lọ́yà ọ̀fẹ́ ní Office of the Public Defender bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀.

Ọjọ́ orí ló kù. "Kó má ju ọmọ ọdún 26 lọ" kún inú ìkéde iṣẹ́, abala 42 ò sì dárúkọ ọjọ́ orí rárá. Àwọn aṣòfin l'Ábújá ló lè tún un ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà lára ohun tí ìwé òfin fi sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Aláùsá ò lè ṣòfin iṣẹ́ fún aládàáni. Ṣùgbọ́n Aláùsá ló fún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba Èkó ní oṣù 6 fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, tó sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ 10. Òun náà ló ń gbé iṣẹ́ títì, iṣẹ́ ilé-ìwé àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni. Kó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wọn pé kí wọ́n mú fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ wọn wá kí wọ́n tó gba owó àkọ́san, kí èyí tí ìbéèrè oyún bá wà nínú tirẹ̀ má sì rí iṣẹ́ ìjọba gbà.