Ìbọn kékeré kọ́ ni ti erin

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ń lọ lórí WhatsApp pé ìbọn kékeré (èyí tí ọta rẹ̀ tín-ín-rín) tó ọdẹ yòówù láti pa erin, torí Walter Bell, ọmọ Skọ́tílándì, fi irú rẹ̀ pa erin tó lé ní 1,000. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé Bell lo ọta mìlímítà 7, àmọ́ ó ti la agbárí erin wò kó lè mọ ibi tí ọpọlọ wà, ọta líle tí kì í fẹ̀ ló sì ń yìn. (Ta ló ti la agbárí erin rí nínú wa?) Òfin Zimbabwe ní ọta erin kò gbọdọ̀ kéré sí mìlímítà 9.2. Ẹ ka òfin ọdẹ ibi tí ẹ ń lọ. Wọ́n sábà máa ń kọ ìwọ̀n ọta sí ìdí ọta náà fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin dáàbò bo erin: kò síbọn tó yẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí.