Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń fà sẹ́yìn nídìí ìgbéyàwó ni kò nífẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa ní Àkúrẹ́ tí a kì í yẹ̀ wò kí a tó sọ ọ́ jáde: pé ọkùnrin tó bá nífẹ̀ẹ́ obìnrin dénú kì í fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó falẹ̀, àti pé èyí tó bá ń fònídónìí-fọ̀ladọ́la, ńṣe ló ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí pé ọ̀rọ̀ yìí ti tú àwọn tí kò yẹ kí wọ́n túká ká.

Ẹ wo àwọn méjì kan tí mo mọ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó ní ọ́fíìsì kan ní Alágbàákà. Bí obìnrin náà bá pẹ́ dé, ọkùnrin yìí á ti to fáìlì rẹ̀ sílẹ̀, á sì ti bá a ra mọ́ínmọ́ín tí ata rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ó mọ̀ pé inú a máa run ún. Ọ̀gá wọn mọ̀, mẹ́séńjà mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá obìnrin náà béèrè láti Ìdànrè pé ìgbà wo ni àwọn ẹbí ọkùnrin ń bọ̀ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ọkùnrin yìí kò gbé fóònù mọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mọ́ínmọ́ín tún wà lórí tábìlì, ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò sì lè wo ojú obìnrin náà.

Ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ kì í ṣe báyìí. Mary Ainsworth, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá tó ṣe ìwádìí lórí àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ wọn ní Uganda kó tó ṣe é ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ kan wà tí ìyá wọn á jáde kúrò nínú yàrá tí wọn kò ní sunkún, tí á sì padà wọlé tí wọn kò ní sáré lọ bá a. Lójú ẹni tó ń wò wọ́n, wọn kò bìkítà. Àmọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Sroufe àti Waters, yẹ bí ọkàn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń lù wò ní 1977, wọ́n rí i pé ó ń sáré bíi ti àwọn tó ń ké. Ní 1987, àwọn olùwádìí mìíràn, Hazan àti Shaver, bi àwọn àgbàlagbà léèrè nípa ìfẹ́ tiwọn, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló sì jẹ́wọ́ pé ara òun kì í balẹ̀ bí ẹlòmíràn bá sún mọ́ òun jù. Tọkùnrin tobìnrin ló wà nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin nìkan là ń bá wí.

Ibi iṣẹ́ wá ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ààyè tó tù ú lára. Ó lè wà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ràn láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ìlérí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá dárúkọ ìdána ni ààyè náà bàjẹ́. Ó tún ń rò ó pé bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, ojú ara wọn ni wọn yóò ṣì máa rí láràárọ̀, gbogbo ọ́fíìsì yóò sì máa sọ ọ́. Ìrònú yẹn kì í ṣe ti òmùgọ̀.

Ẹlẹ́tàn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣe tirẹ̀ yàtọ̀: a máa fi ẹ̀yin pamọ́ ni, ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀ kò ní mọ̀ yín. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, á mú yín lọ kí ìyá rẹ̀, ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ló ń sá fún. Kí àwọn àǹtí máa pè é léraléra, tàbí kí a máa gbààwẹ̀ lé ìyàwó ọ̀run lọ, ń dá kún ẹ̀rù náà ni. Ohun kékeré tó ní ọjọ́ ló máa ń ṣiṣẹ́ jù: kí ó tẹ̀ lé obìnrin náà lọ kí bàbá ní Ìdànrè ní Sátidé, láìmẹ́nu ba ìdána rárá, kí wọ́n sì jọ sọ ohun tó ń dẹ́rù bà á gan-an, bóyá ìjà tó rí láàárín àwọn òbí rẹ̀ nígbà èwe ni.

N kò ní kí obìnrin kankan jókòó títí ọjọ́ orí yóò fi lọ. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ iye àkókò tí òun lè fi dúró, kí ó sọ ọ́ nígbà tí ara àwọn méjèèjì balẹ̀, kí ó dárúkọ oṣù, kí ó má sì yí i padà.