Kì í ṣe bàbá ló ṣe ọkọ̀ Patterson-Greenfield, ọmọ ni

Ìtàn kan ń lọ láti fóònù dé fóònù lórí WhatsApp àti Facebook. Wọ́n ní ẹrú kan tó sá mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́, Charles Richard Patterson, ló kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà, pé Henry Ford ló jí iṣẹ́ rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Inú mi dùn pé orúkọ Patterson ń tàn kálẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí pé ẹni tó ṣe ọkọ̀ náà gan-an ni wọ́n ń yọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọdún wò ó. Virginia ni wọ́n bí Charles sí lóko ẹrú ní 1833. Ó di alágbẹ̀dẹ ní Greenfield, ìlú kékeré kan ní gúúsù Ohio, ibẹ̀ ló ti di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ní 1873 òun àti òyìnbó kan tó ń jẹ́ J. P. Lowe da iṣẹ́ pọ̀. Nígbà tó di 1893, ó ra ìpín Lowe, ilé-iṣẹ́ sì di ti ìdílé Patterson. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń kàn, oríṣi 28, títí kan èyí tí àwọn dókítà fi ń lọ wo aláìsàn nílé. Charles kú ní 1910. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1915 ni ọkọ̀ Patterson-Greenfield àkọ́kọ́ jáde. Bàbá ti tó ọdún márùn-ún nínú sàréè.

Ti Ford ńkọ́? 1903 ló dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Model T sì ti wà lójú títì láti 1908. Ford pàápàá kọ́ ni àkọ́kọ́: ní 1896 àwọn ọmọ ìyá méjì, Charles àti Frank Duryea, ti ṣe ọkọ̀ 13 tó jọra ní Springfield, Massachusetts, fún títà.

Frederick Douglas Patterson, ọmọ Charles, ni ọ̀rọ̀ kàn. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Ohio State University, ní 1891. Iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe ní Louisville kó tó padà wálé wá ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí i pé mọ́tò ń pọ̀ sí i, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń dín kù. Mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà ṣe: wọ́n á kùn ún, wọ́n á pààrọ̀ awọ ìjókòó rẹ̀, nígbà tó yá wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ́ńjìnnì àti iná ṣe. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn.

Ọkọ̀ tí wọ́n wá ṣe kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tí wọ́n rà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Continental ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè sá máìlì 50 ní wákàtí kan. Iná mànàmáná ló fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣíná fún un, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ra Model T lásìkò yẹn ṣì ní láti dúró níwájú ọkọ̀, kó máa fọwọ́ yí irin kó tó dáhùn. Gíláàsì iwájú rẹ̀ pín sí méjì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Kí ló wá pa á? Owó ni. Dọ́là 685 ni wọ́n ń ta Patterson-Greenfield. Ní 1915 kan náà, Ford já Model T wá sí 440. Láàárín ọdún kan ó ti tà ju 300,000 lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń to ọkọ̀ ní Greenfield ní tiwọn: àwọn òpìtàn kan fojú bù ú pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ò ju 30 lọ, àwọn mìíràn ní ó tó 150. Kò sí ẹni tó nílò láti jalè kí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ tó wó ẹ̀yìn èèyàn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó jẹ́ ti òyìnbó náà ló bá a lọ. Mi ò sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ò dá kún un o. Fákítọ̀rì bíi ti Ford ń fẹ́ owó rẹpẹtẹ, ó sì ṣòro púpọ̀ fún ènìyàn dúdú láti rí ẹni tó máa yá a ní irú owó yẹn nígbà náà.

Nígbà tó fi máa di 1918, wọ́n ti ṣíwọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ilé-iṣẹ́ ò kú síbẹ̀, èyí ni ìtàn orí fóònù kì í sọ. Ọ̀nà kan ò wọjà: Frederick yí iṣẹ́ sí bọ́dì bọ́ọ̀sì. Wọ́n á gba ṣáásí (férémù ìsàlẹ̀ ọkọ̀) Ford tàbí Chevrolet, wọ́n á kan bọ́dì lé e lórí, bí àwọn tiwa ṣe kan bọ́dì bọ̀lẹ̀kájà sórí Bedford. Bọ́ọ̀sì iléèwé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Frederick kú ní 1932 láàárín ọ̀dá owó, ìdílé rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ, wọ́n kó o lọ sí Gallipolis, ìlú mìíràn ní Ohio, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ní 1939.

Ní 2021 Automotive Hall of Fame, ibi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn èèyàn ńlá nídìí iṣẹ́ mọ́tò ní Amẹ́ríkà, gba bàbá àti ọmọ wọlé pa pọ̀. Tí ẹnì kan bá tún fi ìtàn náà ránṣẹ́ sí yín, ẹ dákun, ẹ fi orúkọ Frederick sí i kí ẹ tó tari rẹ̀ síwájú.