Fọ́ńṣọ̀n tí kò sí kò ní kí PHP kú fin-ín-fin-ín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí a bá ti pe fọ́ńṣọ̀n (àkójọ àṣẹ tó ní orúkọ) tí kò sí nínú PHP, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ parí nìyẹn, pé try àti catch, tí a fi ń mú àṣìṣe kí ètò má baà dúró, kò lè gbà á là. Láyé PHP 5 ni. Láti PHP 7, tó jáde lóṣù Kejìlá 2015, Error, irú àṣìṣe kan, ni PHP ń jù síta, a sì lè fi catch mú un. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ ni pé Exception, irú àṣìṣe mìíràn, la máa ń kọ sínú catch, bẹ́ẹ̀ Error kì í ṣe ọmọ Exception rárá, nítorí náà catch yẹn kò lè mú un. Ẹ fi Error síbẹ̀, kí ẹ wá pe sanwo() tí ẹnikẹ́ni ò kọ: ẹ ó ka "Call to undefined function sanwo()" látinú getMessage(), tó ń sọ ohun tí àṣìṣe náà jẹ́, ìlà tó tẹ̀ lé catch á sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí dẹ́rù ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.