Ìtàn Iwin Kì Í Ṣe Àjèjì Lọ́wọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú ní gbogbo ìgbà tí ìròyìn ẹ̀bùn ìwé bá jáde. Ní 2022, nígbà tí Oghenechovwe Donald Ekpeki, ọmọ Nàìjíríà, gba ẹ̀bùn Nebula, èyí tí wọ́n máa ń fún àwọn tó kọ ìtàn iwin àti ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, inú mi dùn débi pé n kò lè kọ nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì ṣú tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ohun tuntun ni ìtàn iwin láàárín àwa Adúláwọ̀. Tuntun bíi ti báwo? Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde! Ẹ̀dà tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà níwájú mi báyìí, ikán ti jẹ etí rẹ̀, òwú tí ìyá mi fi gán ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣì hàn ketekete. Ní oṣù tó kọjá, olùtẹ̀wé kan dá ìtàn tí mo fi Yorùbá kọ padà, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ ka ìwé àwọn òyìnbó kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tilẹ̀ tú okùn tí mo fi dì í.