Ẹ Fi Ẹ̀jẹ̀ Aláìsàn Dán An Wò Ná

Gbogbo ìgbà la máa ń gbọ́ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tún ti ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wá àmì jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni wọ́n á ní ó ń rí nǹkan tó kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ọpọlọ ni o, a ò kóyán ẹ̀ kéré rárá. Àmọ́ èrò tiwa ni pé kí àwọn tó ń náwó sí ìwádìí yìí yéé fi ìyẹn nìkan díwọ̀n ẹ̀, kí wọ́n máa béèrè pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn mélòó lẹ fi dán an wò?

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: wọ́n á to èròjà tíntìntín bíi góòlù tàbí quantum dot (ẹyọ èròjà tó kéré gan-an tó lè tan ìmọ́lẹ̀) sórí electrode, ìyẹn ohun tí iná mànàmáná ń gbà wọlé, wọ́n á lẹ antibody (purotéènì tó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan kan pàtó) mọ́ ọn, antibody yẹn láá gbá àmì tí wọ́n ń wá mú, bíi PSA, purotéènì tó ń ti prostate wá, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀. Tí wọ́n bá wá fi iná mànàmáná díẹ̀ sí i, kẹ́míkà bíi luminol tàbí ti ruthenium á tàn, ẹ̀rọ á sì ka bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe pọ̀ sí i tàbí bó ṣe dín kù. Torí pé inú òkùnkùn ni, tí wọn ò tan iná kankan sí i láti ìta, ìmọ́lẹ̀ tó kéré gan-an pàápàá, ẹ̀rọ lè rí i.

Omi tó mọ́ lóló ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi dán an wò ní láàbù, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ò sì rí bẹ́ẹ̀, albumin àtàwọn purotéènì míì kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n á lọ lẹ̀ mọ́ electrode, wọ́n á dí i lójú. Ká tiẹ̀ ní ìyẹn yanjú, prostate tó kàn wú lásán lè gbé PSA sókè, nǹkan oṣù lè gbé CA-125, tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ ovary (ilé ẹyin obìnrin), sókè. Ọkùnrin tí PSA ẹ̀ lọ sókè lè rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹran ara díẹ̀ lọ yẹ̀ wò, táá wọ prostate ẹ̀ bí ìgbà méjìlá kí wọ́n tó sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Ní Britain, obìnrin tó lé ní 200,000 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń fi CA-125 àti skáànù yẹ àwọn kan wò nínú wọn, àmọ́ nígbà tí èsì jáde ní 2021, iye àwọn tí jẹjẹrẹ ovary pa ò dín kù lọ́nà tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà.

Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má tà á fáwọn tára wọn le. Ẹ kọ́kọ́ lò ó fẹ́ni tí wọ́n ti yọ prostate ẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, torí PSA onítọ̀hún ò yẹ kó jù bíńtín lọ, tó bá sì ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, dókítà ní láti tètè mọ̀, torí ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ yẹn ti ń padà bọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kówó lọ báyìí.