Ohun tó ń hó lórí táìsì yín kì í ṣe ìdọ̀tí

"Wò ó bó ṣe ń hó! Ìdọ̀tí ló ń jáde yẹn." Ọ̀rọ̀ tí ìyá onílé wa ní Bódìjà sọ fún mi nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó ń da ásíìdì sílẹ̀ balùwẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ilẹ̀ ń hó bí ọṣẹ, òórùn rẹ̀ ń ta wá nímú, táìsì sì ń dán. Ta ni kò ní gbà?

Irọ́ ni. Símẹ́ǹtì ló ń hó.

Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sínú ife, kí ẹ ju èèpo ẹyin tí ẹ ti fọ̀ dáadáa sí i. Kò ní pẹ́ tí nǹkan wínníwínní á fi máa hó lára rẹ̀. Ìdọ̀tí wo ló wà lára ẹyin tí ẹ fọwọ́ ara yín fọ̀? Èèpo ẹyin, ìkarahun ìgbín, òkúta mábù àti símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń dí ojú ìlà táìsì, ẹbí kan náà ni wọ́n: kálísíọ́ọ̀mù kábọ́nétì wà nínú gbogbo wọn. Bí ásíìdì bá ti kàn wọ́n, á máa jẹ wọ́n, afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú mínírà gan-an ló sì ń tú jáde. Ẹ tiẹ̀ kíyè sí ibi tó ti ń hó jù: ojú ìlà ni, kì í ṣe ojú táìsì.

Ọ̀dọ̀ àwọn táìlà la ti kó àṣà yìí. Bí wọ́n bá parí iṣẹ́, símẹ́ǹtì máa ń gbẹ mọ́ ojú táìsì bí ẹfun, ásíìdì ni wọ́n sì fi ń wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ẹni tó mọṣẹ́ nínú wọn á fi omi là á, á kọ́kọ́ fi omi rin ojú ìlà gbingbin kí ásíìdì má baà ráyè wọlé, á sì yára da omi púpọ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwa la sọ ọ́ di iṣẹ́ gbogbo Sátidé.

Èmi náà ṣe é fún bí ọdún kan. Táìsì ń dán, ìlà ń dúdú. Bó ṣe ń dúdú ni mo ń fi kún ásíìdì. Nígbà tó yá, mo lè ki orí ìṣó bọ ojú ìlà tó wà lẹ́bàá ibi tí omi ń gbà jáde. Mo fi ìka kan táìsì ibẹ̀, ó ń dún kò-kò bí igbá òfìfo. Omi ti gba ojú ìlà wọ abẹ́ rẹ̀. Mẹ́rin la tú. Ásíìdì ti sọ ojú símẹ́ǹtì di gbágungbàgun, ó ti lu ú ní ihò wínníwínní, ẹrẹ̀ pupa tí à ń fẹsẹ̀ kó wọlé sì ti ríbi forí pamọ́ sí.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń da bílíìṣì mọ́ ásíìdì "kó lè lágbára sí i". Gáàsì kílórínì ló ń jáde níbẹ̀, òun náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sáwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ìlú kan nílẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, lóṣù kẹrin ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nínú balùwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò tó ojú ìwé ìròyìn! Ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́ náà ní ásíìdì nínú, nítorí náà ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ bílíìṣì láéláé.

Dípò ásíìdì, ẹ po bẹ́kìn sódà mọ́ ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú àti omi gbígbóná díẹ̀ títí á fi ki, ẹ fi ra ojú ìlà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ni kí ẹ fi gbo ó, ó wọ ojú ìlà rẹ́gí. Ibi tó bá ti bu dúdú nítorí ọ̀rinrin, bílíìṣì tí a fi omi là, òun nìkan, kí ilẹ̀kùn àti fèrèsé wà ní ṣíṣí. Omi mọ́ọ̀pù tó bá ti dọ̀tí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú ìlà lẹ ń dà á sí. Ìlà tí ásíìdì bá sì ti jẹ, kò sí ọṣẹ tó lè dá a padà: ẹ ha á kúrò, ẹ fi símẹ́ǹtì funfun tuntun dí i, kí omi má kàn án fún ọjọ́ kan ó kéré tán.

Mo gbé ife ọsàn àti èèpo ẹyin lọ bá ìyá onílé. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ẹyin tó o fọ̀ yẹn ni ò mọ́."